Òkúta Pupa Etí Òkun Hudson

Ilẹ̀ etí òkun Hudson, ní ilẹ̀ òtútù àríwá, ń ga sókè. Kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ lọ́dún, àmọ́ òkun mọ̀, ó sì ń sún sẹ́yìn fún un. Ìdí nìyẹn tí Filomẹ́nà, ẹni ọdún méjìdínláàdọ́rin, fi mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ẹ̀gbọ́n òun kú sí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ìsíkíẹ́lì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lórí òkúta pupa kan láàárín omi, ó ń fẹnu pe pẹ́pẹ́yẹ igbó kí wọ́n lè balẹ̀ síwájú ìbọn rẹ̀. Ó ní kí àbúrò òun jókòó sínú ọkọ̀, kó di okùn tó so ọkọ̀ mọ́ òkúta mú. Oorun burúkú ló gbé ọmọ náà lọ. Nígbà tó máa fi lajú, ọkọ̀ ti gbé e jìnnà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń juwọ́. Wọn ò rí òkú. Ohun tí Filomẹ́nà ń wá láyé báyìí ò ju ohunkóhun tó lè rí sin lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, òkun sì ti fà sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ kó tó padà wọlé. Òun àti Klárísì, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta ní yunifásítì, wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ dé ìdí òkúta pupa náà.

Klárísì fọwọ́ pa òkúta náà lára. "Màmá àgbà, àlejò lèyí o. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ gbogbo ilẹ̀ wa yìí. Yìnyín àtijọ́ ló yí eléyìí wá láti ilẹ̀ àpáta líle lọ́hùn-ún."

"Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi ló ti wà níbí, ìwọ ń pè é ní àlejò. Ìwé yín yìí náà! Bẹ̀rẹ̀, jàre, bá mi gbẹ́ ìdí ẹ̀."

Inú pàlàpálá òkúta ẹfun ni wọ́n ti rí i: bàtà rọ́bà gígùn Ìsíkíẹ́lì méjèèjì, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, okùn wọn tú sílẹ̀. Kò sí egungun nínú wọn. Filomẹ́nà jókòó bẹ́ẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló ti ń rò ó pé ńṣe ni ẹ̀gbọ́n òun dúró títí omi fi bò ó mọ́lẹ̀. Kò dúró. Ó bọ́ bàtà kó lè lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ọkọ̀. Ìyá àgbà bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ìgbà náà ni pẹ́pẹ́yẹ igbó ké nínú kùrukùru, ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Màmá àgbà, gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ti ṣí lọ síbi tó móoru látọ̀sẹ̀ tó kọjá." Klárísì di apá ìyá àgbà mú.

"Dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹyẹ. Ẹnu èèyàn ni."

Igbe náà ò tọ̀dọ̀ òkun wá. Ẹ̀yìn wọn ló ti ń bọ̀, láti orí ilẹ̀. Wọ́n yíjú padà, àṣé omi ti fẹ́ tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: òkun ti ń gba ẹ̀yìn wọn wọlé. Filomẹ́nà kó bàtà mọ́ àyà, wọ́n sì tẹ̀ lé ohùn náà. Wọn ò rí nǹkan kan. Omi mù wọ́n dé orúnkún, ó mù wọ́n dé ìdí, ohùn náà ò yéé pè wọ́n, títí ẹsẹ̀ wọn fi kan koríko.

Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Filomẹ́nà wí sínú kùrukùru, "oorun ló gbé mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ gan-an, ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Klárísì náà gbọ́ ọ.