Aṣojú Wa ní Èkó

Àárẹ̀ tó mú Ọlátúbọ̀sún lọ́dún 1934 kì í ṣe èyí tí oorun ń wò. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, tó ń ṣojú àwọn ará agbègbè rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti padà sílé ní Òkè-Ìlá, kò ṣe ju kó gbàdúrà àárọ̀, kó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ayọ̀kúnlé, ìbátan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìyìn, bá a. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń kì í:

“Erin tó fọn l'Ékòó, tí etí òyìnbó di! Ọmọ a-sọ̀rọ̀-má-wolẹ̀! Àbí o ti ya ọ̀lẹ ni?”

“Jókòó jàre, ìwọ ẹlẹ́nu yìí.”

Ayọ̀kúnlé jókòó, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ìjọba ti ri òpó mọ́ àárín oko kòkó rẹ̀. Wọ́n ní igbó ọba ni, igbó tí ìjọba fi òfin pa mọ́, kò gbọdọ̀ ká èso ibẹ̀ mọ́. “Wọ́n ní òyìnbó tún fẹ́ yàn ọ́ sí ìgbìmọ̀. Padà lọ, jọ̀wọ́. Bí o ṣe bá wọn jà lórí òfin igbó yẹn, bí gbogbo wa n'Ìyìn ti gbọ́, tún bá wọn jà sí i.”

Ọlátúbọ̀sún lè gbà, kó sì máa jẹ́ erin lọ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tó bá kúnlẹ̀ níwájú Olúwa, irọ́ yìí ní í kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tì í.

“Ayọ̀kúnlé, n kò bá ẹnikẹ́ni jà.”

“Kí lo wí?”

“Ọjọ́ tí wọ́n ka òfin náà, mo ti to ọ̀rọ̀ mi jọ. Èmi ni mo dé kẹ́yìn, èmi náà ni mo kéré jù. Nílé wa, ta ní í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà tí wọn kò bá tíì ní, ‘Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?’ Mo ń retí kí wọ́n bi mí. Alága kàn wò yí ká, ó ní kò sẹ́ni tó takò ó, ó ti di òfin nìyẹn.”

“Ọdún mẹ́ta ńkọ́?”

“Mo fi ọdún mẹ́ta retí. Kò sẹ́ni tó bi mí.”

Ayọ̀kúnlé mi orí. “Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi ló bá ọ dákẹ́. Háà! Ìwà ọmọlúàbí ló jẹ mí lóko.” Ó mí kanlẹ̀. “Ìwọ ni yóò sọ ọ́ fún wọn n'Ìyìn o. Ẹnu tèmi kò gbà á.”

“Wọn yóò fi mí ṣẹ̀sín.”

“Wọn yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín dáadáa. Lẹ́yìn náà, a ó jọ wá ohun tí a ó ṣe.”

Ọlátúbọ̀sún di ògiri mú, ó dìde. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé:

“Àtinúkẹ́, bá mi mú bàtà mi. Mò ń lọ sí Ìyìn.”