Orin Tí A Ń Kọ́ Láti Ẹ̀yìn

Ní ọdún 1991, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀fà ń pè mí ní ọ̀gá onígìtá, mo sì ń jẹ́ orúkọ náà láìtijú. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlémọnà. Mo ti ta gìtá jùjú díẹ̀ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ kọ́ mi. Ìgbéraga ni, n ò ní purọ́.

Bàbá Adétóyè ló là mí lójú. Tíṣà orin ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn náà ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nígbà náà. Gìtá tiwọn kì í ṣe ti ijó. Ìka ni wọ́n fi ń ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé orin sì wà níwájú wọn. Odidi ọdún kan ni mo fi ń lọ sílé wọn nítòsí réluwéè ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n ń kọ́ mi ní àwọn orin tó rọrùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ràímì, o ti kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọdé. Èyí tó kàn, èmi ni mo kọ ọ́."

Wọ́n kọ orin náà fún Susannah ìyàwó wọn nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Màmá yìí ti kú, làkúrègbé sì ti ká Bàbá níka kò débi tí wọn ò lè ta á fúnra wọn mọ́. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ já lẹ́ẹ̀kan péré," ni wọ́n wí, "lọ́jọ́ tó bá pé ọdún méjì tó lọ."

Ìlà mẹ́jọ ni. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà ìka tí yóò tẹ okùn sórí nótì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ìlà kẹjọ la ó fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti mọ́ mi lọ́wọ́, a ó wá bọ́ sí ìkeje, títí a ó fi dé ìbẹ̀rẹ̀. "Bí o bá ti ń ta á lọ, ibi tó mọ́ ọ lọ́wọ́ jù ni wàá máa bá níwájú."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo délé, mo ṣe tinú mi. Ìlà kẹjọ le, kò tilẹ̀ dún bí orin létí mi. Ìlà kìn-ín-ní ló dùn, òun ni Safiyat ìyàwó mi ń dúró gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Iwájú ni mo ti kọ́ ọ. Tó bá di Sátidé, tí ìka mi ń ṣe ségesège lórí ìlà kẹjọ, mo máa ń ní iṣẹ́ ló pọ̀ ní Ìlémọnà. Bàbá á fi ìka wọn tó ti ká yẹn mú ọmọńdinrín mi, wọ́n á gbé e síbi tó yẹ.

Ọjọ́ náà pé. Àwa mẹ́ta péré ló wà ní pálọ̀: Bàbá, Roseline ọmọ wọn, àti èmi. Mo ta ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ dáadáa. Bàbá di ojú, omi ń bọ́ lójú wọn. Ìkeje mì. Ìkẹjọ, ọwọ́ mi dúró. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo tún há sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ki ìparí jùjú kan mọ́ ọn, bí ẹni pé etí àgbàlagbà tíṣà orin lè gba irú ìyẹn. Ojú gbà mí tì títí dòní.

Bàbá la ojú. "O gbìyànjú. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni Susannah máa ń fẹnu kọ tó bá ń dáná. Wá ta òun nìkan fún mi ní Sátidé tó ń bọ̀. N ò bèèrè ìyókù."

N ò lọ. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kejì náà kọjá. Mo rí Bàbá lókèèrè lọ́jọ́ kan, mo yà sí àdúgbò mìíràn. Safiyat ní, "Ìlà kan ṣoṣo ni bàbá arúgbó bẹ̀ yín fún." Mo jágbe mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti kú.

Mo lọ kí Roseline. Ó gbé omi fún mi, ó jókòó.

"Bùọ̀dá Ràímì, gbogbo Sátidé ni Bàbá ń ní kí n gbé àga yín sí pálọ̀. Tí mo bá ní ẹ ò ní wá mọ́, wọ́n á bínú sí mi. Wọ́n ní n ò mọ̀ yín. Wọ́n ní ẹ wà nílé, ẹ̀ ń kọ́ ìlà yẹn lọ́wọ́."

Mo mu omi náà tán. N ò lè sọ fún un pé láti ọjọ́ tí mo há sí ìlà kẹjọ yẹn, n ò tíì fọwọ́ kan gìtá.