Omi Àlùbọ́sà Dókítà Àgbà

Ọjọ́ tí kámẹ́rà wọ inú fóònù ni oúnjẹ jáde lẹ́nu Fíláṣì. Ayàwòrán ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà, ìjókòó oníbàárà ṣì wà, kóòtù dúdú kan ṣì ń fì lórí ìṣó fún ẹni tí kò bá ní tirẹ̀. Oníbàárà nìkan ni kò sí. Ló bá ṣí ojú ewé kan sórí ayélujára, ó ní òun ó máa kọ nípa fọ́tò yíyà, kí àwọn onípolówó lè máa sanwó síbẹ̀. Ó kọ ọ́ títí. Ẹni méjì ló ń kà á: òun fúnra rẹ̀, àti òun náà nígbà tó bá fi fóònù kà á.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsọ̀ kejì ló là á lójú. "Fíláṣì, ta ló fẹ́ mọ bí iná ṣe ń tàn sójú èèyàn? Ohun tó bá ń dun èèyàn ló ń wá kiri. Àìsàn, gbèsè, ọkọ tí kì í sùnlé. Mú ọ̀kan níbẹ̀."

"Gbèsè nìkan ni mo mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Tìrẹ ti kọjá ohun tí wọ́n ń fi kọ́ èèyàn. Mú àìsàn."

"Kí ni mo mọ̀ nípa àìsàn?"

"Kí lèmi náà mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà?"

Fíláṣì mú ẹ̀jẹ̀ ríru, torí pé orí rẹ̀ ni àwọn onípolówó ti ń du àyè jù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àlùbọ́sà tó rà bọ̀ láti ọ̀nà. Ó kọ ọ́ pé: rẹ àlùbọ́sà sínú omi gbígbóná, mu ún láràárọ̀, kí o sì jẹ́ kí oògùn sinmi. Ó wá ku dókítà tí yóò sọ ọ́. Ó ṣí àpótí tó ń kó fọ́tò tí àwọn oníbàárà kò padà wá gbà sí, ó fa ti púlọ́ńbà kan tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe yọ, ẹni tó wọ kóòtù dúdú yẹn ya fọ́tò. Ojú ọkùnrin náà le koko. Bàtà ló ń fún un lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fíláṣì kọ "Dókítà Àgbà" sábẹ́ rẹ̀.

Èèyàn ya bo ojú ewé náà bí eéṣú. Owó ìpolówó wọlé. Fíláṣì, ọmọ dáadáa, ra fóònù ńlá fún ìyá rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé ìyá ṣubú rí nínú balùwẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń lo hóró oògùn funfun kan lójoojúmọ́. Fíláṣì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn àlùbọ́sà ti gba gbogbo ilé kan.

"Màmá, kí lẹ̀ ń sè?"

"Mi ò se nǹkan kan. Ìtọ́jú ni mò ń gbà." Ìyá gbé ife sílẹ̀, ó na fóònù sí i. "Wo ọkùnrin yìí. Wo bí ojú rẹ̀ ṣe le. Ẹni tó bá mọ̀wé dénú kì í rẹ́rìn-ín."

"Oògùn yín ńkọ́?"

"Ó ń sinmi."

Fíláṣì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, èmi ni mo kọ ọ́."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tí kò ní rà. "Ìwọ. Ìwọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ gún ọ lábẹ́rẹ́, gbogbo ilé ló ń dì ọ́ mú."

"Púlọ́ńbà ni ọkùnrin yẹn. Ẹ wo kóòtù ọrùn rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù mi ni. Bọ́tìnnì kejì, ẹ̀yin lẹ fi òwú pupa gán an nígbà tí òwú dúdú tán nílé. Ẹ fẹ fọ́tò náà, ẹ wò ó dáadáa."

Ìyá fẹ̀ ẹ́. Ó rí òwú pupa. Fíláṣì mí kanlẹ̀, ó rò pé ó parí.

"Dókítà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ," ni ìyá wí, "ó wọ kóòtù tí mo fọwọ́ ara mi tún rán, o ò sì pè mí kí n wá kí i."

Fíláṣì sáré pa ojú ewé náà rẹ́. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Fíláṣì balẹ̀, ó pa ọmọ. Àwọn olójú ewé mìíràn ti dà á kọ, ẹnì kan tiẹ̀ ti fi atalẹ̀ sí i. Ó wá fi orúkọ Dókítà Àgbà kọ òmíràn pé kí kálukú padà sídìí oògùn. Ìyá kà á, ó mirí. "Àwọn tó ń ta oògùn ti fún un lówó. Ó mà ṣe o."

Ìrìn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó di ògiri mú kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun kàn ń wò ó bóyá ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ ni. Ọdún tí wọ́n kun ògiri yẹn, Fíláṣì ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú.

Nígbà tí kò sí ọgbọ́n mọ́, Fíláṣì ní kí ìyá jẹ́ kí òun máa po omi àlùbọ́sà náà fún un. Inú ìyá dùn. Láràárọ̀, Fíláṣì á lọ hóró oògùn náà kúnná, á rò ó mọ́ omi náà, á gbé e fún un. Àlùbọ́sà ò jẹ́ kí ìkorò rẹ̀ hàn. Ìrìn ìyá tọ́. Wọ́n lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ó ti wálẹ̀ dáadáa. Kí lẹ̀ ń lò?"

Fíláṣì lanu, ìyá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Omi àlùbọ́sà."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan sún mọ́ ìyá. "Ẹ jọ̀ọ́, tútù ni àbí gbígbóná?"

Kí wọ́n tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wọn délé. Àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife lọ́wọ́ wọn. Bàbá onílé ló wà níwájú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ burú ju ti ìyá lọ. Ó ti da oògùn tirẹ̀ sínú ṣáláńgá. Bí Fíláṣì bá tú àṣírí fún ẹyọ ẹnì kan, á dé etí ìyá kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ò sì ní gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láéláé. Ó wo ìyá. Ìyá dúró ṣánṣán, kò di nǹkan kan mú.

Bàbá onílé na ife rẹ̀. "Fíláṣì, ṣé bí o ṣe ń po ti màmá rẹ gẹ́lẹ́ lo máa po tèmi?"

Ìyá ló dá a lóhùn. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọmọ mi kì í ṣojúsàájú."