Epo Ni, Sà

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó fẹ̀yìn tì tí kò rí nǹkan gidi ṣe, ẹ wo àwọn ọkùnrin Bódìjà tó ń ra máṣìnì àlòkù kiri. Bí Mánsúrù ṣe máa ń wí nìyẹn, kì í sì í rọra wí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń tún máṣìnì ṣe ní Mọ́kọ́lá, ó sì ti rí oríṣiríṣi wọn: ẹni tó ra tiẹ̀ kó lè fi ya fọ́tò, ẹni tó rà á láti fi bí ìyàwó rẹ̀ nínú, ẹni tó rà á tí kò sì mọ̀ ọ́n gùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó rí i lára tó Dókítà Olúgbádé.

Dókítà yìí kì í ṣe oníṣègùn o. Èdè Yorùbá ló fi gboyè, ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ tó sì kù fún un láyé ni kó máa tún ọ̀rọ̀ ṣe sí ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lẹ́nu. Ẹlẹ́yẹlé ló ti ra máṣìnì náà, lọ́wọ́ ẹnì kan tí adìẹ rẹ̀ ti ń sùn lórí ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Mánsúrù. Mánsúrù kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Máṣìnì yín rèé?"

"Alùpùpù," ni Dókítà dá a lóhùn. "Kí ló ń jẹ́ máṣìnì? Ẹ ti ba èdè yìí jẹ́ tán."

Kó tó di ọ̀sán, ẹ́ńjìnì ti di ẹ̀rọ, pulọ́ọ̀gì ti di ìtanná, písítìnì sì ti di alùsókè-lùsódò. Fọláwùmí, tó ń ta ọ́ìlì àti páàtì nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti Mánsúrù, rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Mánsúrù ní tiẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ṣùtì, ó bẹ̀rẹ̀ ti máṣìnì náà, ó ń wò ó.

Ohun tó rí níbẹ̀ ló jẹ́ kó gba iṣẹ́ náà. Irú máṣìnì tí ọ̀gá rẹ̀, Àlàájì Hàrúnà, fi kọ́ ọ níṣẹ́ gan-an ni, èyí tí àwọn tíṣà àti wòlé-wòlé ń gùn lọ sí abúlé láyé ìgbà kan, tó jẹ́ pé inú pẹtiróòlù ni wọ́n ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Àwọn mẹkáníìkì ìwòyí tó wà láyìíká rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ti ọlọ́kadà nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìdrís, ọ̀kan nínú wọn, ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí pé irọ́ ló ń pa, pé kò fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra.

Páàtì rẹ̀ kò sí ní Ìbàdàn mọ́, kò sì sí l'Ékòó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Mánsúrù ṣe fúrídọ́ọ̀mù, Àlàájì Hàrúnà gbé písítìnì tuntun kan fún un, wọ́n ní kó tọ́jú ẹ̀, pé ọjọ́ ẹ̀ ń bọ̀. Ó fi gíríìsì pa á lára, ó dì í sínú ọ̀rá. Àlàájì kú, ọ̀rá gbó, ó pààrọ̀ ọ̀rá. Àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́ títí, kò tà á. Ó fẹ́ràn písítìnì yẹn ju ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lọ, kò sì fi í pa mọ́. Nítorí kó lè tún gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì yẹn, kí gbogbo Mọ́kọ́lá sì bá a gbọ́ ọ, ó tú u nínú ọ̀rá, ó fi í sínú máṣìnì ẹni tí kì í fẹ́ fojú kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ tó fẹsẹ̀ ta á, ẹ̀ẹ̀kejì ló dáhùn. Èéfín búlúù gba ojú títì kan, àwọn mẹkáníìkì tó kù fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wòran, Ìdrís tó pè é lónírọ́ gan-an sì gbé fóònù jáde, ó ń gbà á sílẹ̀. Orí Mánsúrù wú. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí Dókítà gun orí ẹ̀ tán, Mánsúrù ní, "Sà, ẹ gbọ́. Mo ti po ọ́ìlì mọ́ èyí tó wà nínú táǹkì yìí. Tó bá ti tán, gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rà, ẹ da ọ́ìlì mọ́ ọn. Ẹ má gbàgbé ọ́ìlì o."

"Ọ́ìlì, ọ́ìlì!" Dókítà yínmú. "Ohun tí àwọn baba ńlá yín ń pè ní epo. Epo ni, Mánsúrù. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mánsúrù wò ó. Ó rí i gbangba pé ọkùnrin yìí ti gbájú mọ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ débi pé kò gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ṣebí epo náà ni gbogbo ayé ń pe pẹtiróòlù. Ó yẹ kó tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti ń tọ́ ọ sọ́nà bí ọmọ aléèfù ti sú u pátápátá.

"Epo ni, sà," ló wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o rí i pé o mọ̀ ọ́n?"

Fọláwùmí ti mú ike ọ́ìlì kan dání, ó ti lanu láti sọ̀rọ̀. Mánsúrù ṣẹ́jú sí i, ó sún mọ́ ọn, ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n." Èrò tirẹ̀ ni pé nígbà tí táǹkì bá gbẹ, Dókítà á padà wá béèrè, ojú á sì tì í. Dókítà gba ọ̀nà Bódìjà lọ, ó ń juwọ́ sáwọn èèyàn.

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé máṣìnì náà padà. Ó ti nọ́kù láàárín Ring Road àti Challenge. Dókítà ń tiro, ó ti bó lórúnkún, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́: "Oníjìbìtì! Atúnkọ̀ṣe èké!" Kíá ni èrò pé jọ. Mánsúrù tú orí ẹ́ńjìnì. Písítìnì ti lẹ̀ mọ́ inú sílíńdà, igi ló fi gbá a jáde. Ara rẹ̀ ti ya, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti yọ́.

"Kí lẹ dà sí i, sà?"

"Epo."

"Epo wo?"

"Epo wo ni epo wo? Mo dé ilé epo, mo ní kí wọ́n fún mi lépo, wọ́n sì dà á kún."

Ẹ̀rín bú lójú títì. Ẹnì kan kígbe pé Dókítà lọ fi epo po epo. Mánsúrù náà kò mọ́wọ́ dúró. "Èdè yín ló nọ́kù, sà," ló wí, "máṣìnì kò ṣe nǹkan kan." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ ọn.

Dókítà kò pariwo mọ́. Ó ní, "Ìwọ náà lo ní epo ni."

Mánsúrù kọjú sí Fọláwùmí. "O wà níbẹ̀. Ṣé n kò sọ fún wọn ni?"

"Ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Fọláwùmí wí. "Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n wá ní epo ni, ẹ ní epo ni. Ọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ní kí n fi wọ́n sílẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Ìdrís wo písítìnì tó wà lọ́wọ́ Mánsúrù, ó wo Mánsúrù fúnra rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé kò yé wọn," ló wí, "ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ?"

"Mo mọ̀," ni Mánsúrù wí.

Dókítà wá béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bóyá wọ́n lè rí òmíràn. Mánsúrù ní kò sí, pé ẹyọ kan yẹn náà ni Àlàájì fún òun. Ojú tì í débi pé kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni, ó ń fi àkísà nu písítìnì náà lọ.