Gìtá Apá Òsì

Ogún ọdún ni atúnrédíòṣe fi bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan. Àbúrò ní onígìtá kejì ló mọṣẹ́ jù láàárín wọn.

"Onígìtá wo? Ó kàn gbé igi kọ́rùn ni! Etí mi yìí tí gbogbo àdúgbò fi ń gbé rédíò wá kò gbọ́ ọ rí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ níbí."

Gìtá onígìtá kejì ń ṣàn bí omi láti sípíkà apá òsì nìkan. Atúnrédíòṣe fò dìde, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ tirẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ tò, èyí tó fi ń gbọ́ orin ẹgbẹ́ náà láti ogún ọdún. Wáyà sípíkà òsì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò so mọ́ nǹkan kan.

"Ta ló tò ó, Ẹ̀gbọ́n?"

"Má bi mí."

Àbúrò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Oníbàárà kan wọlé, ó yọ rédíò tó fẹ́ tún ṣe lábẹ́ abíyá, ó ní kí ló dé.

Atúnrédíòṣe kò lè purọ́. "Ẹ̀rọ tèmi ni. Ogún ọdún ló fi ṣàìsàn lójú mi, n kò mọ̀."

Oníbàárà rọra dá rédíò rẹ̀ padà sábẹ́ abíyá.