Òṣìṣẹ́ Tí A Fi Ń Yangàn

1.

…torí pé pàṣán ò ṣeé lò mọ́, Bọ́lánlé. Ayé ti yí. Wá nǹkan tó máa gún wọn ní kẹ́ṣẹ́.

Bí Ọ̀gá Mark ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kan tábìlì. Òun ló ni hòtẹ́ẹ̀lì náà, lọ́nà Nike Lake ní Enugu. Bọ́lánlé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ń pẹ́ dé. Wọ́n ń fajú ro. Àlejò ń ráhùn pé aṣọ ibùsùn ò jọ èyí tí wọ́n lọ̀.

2.

Ó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Maryland, ní Enugu níbẹ̀. Rélùwéè ni bàbá náà ti fẹ̀yìn tì.

BỌ́LÁNLÉ: Daddy, kí ni wọ́n fi ń mú èèyàn ṣiṣẹ́ láyé ìgbà yẹn?

BÀBÁ: Láyé bàbá mi, fèrè ni. Tí fèrè bá dún tí o ò sí níbẹ̀, o ti rí ìjàngbọ̀n.

BỌ́LÁNLÉ: Láyé tiyín ńkọ́?

BÀBÁ: Ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á ní o sìn dáadáa, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́.

BỌ́LÁNLÉ: Ṣé inú yín dùn sí i?

BÀBÁ: Ó dùn gan-an. Ohun tó ń bí mi nínú di òní nìyẹn.

3.

ÌKÉDE

LÁTI OṢÙ YÌÍ LỌ, A Ó MÁA YAN ÒṢÌṢẸ́ TÍ A FI Ń YANGÀN.
FỌ́TÒ ẸNI NÁÀ YÓÒ WÀ LẸ́NU GÉÈTÌ, NÍBI TÍ GBOGBO ÀLEJÒ TI MÁA RÍ I.

4.

Sàbúrátù ló kọ́kọ́ mú un. Opó ni, ọmọ Ọ̀fà tí ọkọ mú wá sí Enugu. Òun àti Rodiyat ọmọ rẹ̀ ń gbé yàrá kan ní Ogui New Layout. Aṣọ ibùsùn ló ń lọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́, ó dúró níwájú rẹ̀ títí. Ó wá fi etí ìbòrí rẹ̀ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

Àlejò kan kí i: "Madam, na you be dis?"

"Yẹ́sà."

5.

Ohun tí wọ́n ń sọ nílé ìfọṣọ:

Madam Fọ́tò ti dé o.

Ẹ yà fún un!

Ṣé wọ́n ń fi fọ́tò se ọbẹ̀ ni?

Zuliat ló sọ èyí tó kẹ́yìn. Òun àti Sàbúrátù ni wọ́n jọ ń lọ aṣọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ẹni tí wọ́n ń bú.

6.

Oṣù tó tẹ̀lé e, Sàbúrátù náà ni. Èyí tó tún tẹ̀lé e, òun náà ni. Ó ń dé kí ẹ̀ṣọ́ tó ṣí géètì. Kì í jókòó jẹun mọ́. Orí ń wú, ara ń tán.

Bọ́lánlé rí i pé ó ń rù. Inú Ọ̀gá Mark ń dùn. Inú Bọ́lánlé náà ń dùn.

7.

*Rodiyat sí Bọ́lánlé, lórí WhatsApp:*

Good evening Aunty. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mummy sọ̀rọ̀. Áyọ́ọ̀nù jó wọn lọ́wọ́ since last week. Ọwọ́ yẹn ti wú gan. Scarf ni wọ́n fi ń wé e lọ síbi iṣẹ́. I don beg tire. Wọ́n ní tí àwọn ò bá lọ, dem go remove their picture.

8.

Kí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí tó dé, Bọ́lánlé ti rí ìbòrí tó wé mọ́ ọwọ́ náà. Ó gbójú sí ibòmíràn.

9.

Ní ọsibítù. Egbò náà ti kẹ̀. Dókítà ò tíì lè sọ bóyá ìka máa ṣeé gbà là.

SÀBÚRÁTÙ: Ẹ kú ìrìn, madam mi. Ta ló ń lọ aṣọ?

BỌ́LÁNLÉ: Ìyá Rodi, ẹ gbàgbé aṣọ. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?

SÀBÚRÁTÙ: Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?

BỌ́LÁNLÉ: Kí ni?

SÀBÚRÁTÙ: Fọ́tò mi.

BỌ́LÁNLÉ: Èmi gan-an ni mo fẹ́ yọ ọ́. Òun ló kó yín sí wàhálà yìí.

SÀBÚRÁTÙ: Ẹ má yọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Látìgbà tí bàbá Rodi ti kú, ta ló pe orúkọ mi sí nǹkan rere? Tí mo bá ń wọlé níbẹ̀ láàárọ̀, èèyàn ni mí. Ọwọ́ lè lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn náà lọ.

10.

Lórí fóònù.

MARK: O gbọ́ nǹkan tí obìnrin yẹn ṣe? Ọwọ́ jóná, ó ṣì wá síbi iṣẹ́! Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Kọ ọ́, lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀.

BỌ́LÁNLÉ: Sà, wọ́n lè gé ìka yẹn.

MARK: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A máa tọ́jú rẹ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n kọ ọ́, Bọ́lánlé. Ó máa wọ àwọn tó kù lára.

11.

ÌKÉDE

SÀBÚRÁTÙ FI ỌWỌ́ TÓ JÓNÁ ṢIṢẸ́, KÒ RÁHÙN. Ẹ WO ÀPẸẸRẸ RERE.
*(Ó wọ́gi lé e.)*

ẸNI TÓ BÁ FARA PA, KÓ SỌ. A KÒ NÍ YỌ FỌ́TÒ ẸNIKẸ́NI.
*(Ó wọ́gi lé e.)*

KÒ SÍ FỌ́TÒ MỌ́.
*(Ó rántí ohùn Sàbúrátù. Ó wọ́gi lé e.)*

12.

Bọ́lánlé ò lẹ ìkankan.

13.

Láàárọ̀, Bọ́lánlé wọ ilé ìfọṣọ. Ẹnì kan ti dé ṣáájú gbogbo ayé, ó ti wà nídìí tábìlì Sàbúrátù.

Zuliat ni. Òógùn bò ó, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Zuliat, ibà ń ṣe ọ́. Máa lọ sílé."

"Rárá, Auntie. Ara mi le."

"O ò lè dúró dáadáa. Wo bó o ṣe fara ti tábìlì."

"Mo le, Auntie." Ó fa áyọ́ọ̀nù gba orí aṣọ funfun náà. Èéfín omi bo ojú rẹ̀, ó tún hàn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀ṣọ́ lè jẹ́rìí mi."

Bọ́lánlé na ọwọ́ kó gba áyọ́ọ̀nù náà. Zuliat dì í mú, kò jẹ́ kó lọ.

"Auntie," ó ní, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé, "ẹ ti rí mi, àbí?"