Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Mo Ti Débẹ̀

Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí iná má ṣe jó àdúgbò o, nítorí Bàbá Lẹ́tà kò ní dìde pa á. Àsìkò yẹn ni Onísíkáàfù máa ń jáde lórí tẹlifíṣàn. Òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń wé síkáàfù mọ́ ọrùn kódà nínú ooru, tí wọ́n ń sanwó fún láti máa rìn kiri àwọn ìlú Yúróòpù, ìlú kan lọ́sẹ̀ kan, kó máa fọwọ́ pa ògiri àtijọ́, kó máa mí kanlẹ̀ bí ẹni pé bàbá òun ló kọ́ ọ.

Ẹ ò ní rí ọkùnrin yìí lórí ìlà láéláé. Kì í gbẹ́rù. Kò wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí. Bó bá dé ilé oúnjẹ, oúnjẹ ti jinná dè é. Bó bá ní òun fẹ́ gun òkè ilé ìṣọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín. Irú ìrìnàjò yẹn, ẹni tó sùn náà lè rìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ létí Bàbá Lẹ́tà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́yìn pátákó níbi tí wọ́n ti ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀: Pàrísì sínú àpò tibí, Róòmù sínú àpò tọ̀hún, Fìẹ́nà sí ìsàlẹ̀. Gbogbo ìlú wọ̀nyẹn ló mọ̀ lórúkọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ lẹ́tà sí òun alára rí. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ra àga onítìmùtìmù kan, ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn, ó ní kí àwọn ìlú náà wá máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "a." "Nígbà tí a wà ní Fẹ́níìsì lọ́jọ́sí, omi kún gbogbo ojú títì." Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó fi di ọdún kejì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ parí sí mọ́, òun gan-an ò sì mọ̀. Fọkanáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ títì nìkan ló máa ń dá a lóhùn.

"Bàbá, níbo ni wọ́n ti ń lẹ táyà ní Fẹ́níìsì yẹn?"

"Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, òpè."

"Ẹ ò rí i pé ìlú yẹn ò dáa? Ebi á pa mí kú síbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí pé òun ló gbẹ̀bí ìdajì wọn, kì í dá sí i. Kí Onísíkáàfù tó wé síkáàfù tán, oorun ti gbé e lọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá jí i pé kó wá wo afárá, á ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà," pẹ̀lú ojú dídì, á sì máa hanrun lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ti gbé e lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú Onísíkáàfù láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó tún pe ìlú ọ̀hún lórúkọ nínú ilé yẹn. "Ọ̀dọ̀ ọmọ" ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án náà ni wọ́n fi ń retí ìròyìn kan ṣoṣo, tí wọn ò jẹ́ béèrè. Ìgbà tí ìròyìn náà wá dé lórí fóònù pé oyún ti pé oṣù márùn-ún, Nọ́ọ̀sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàtà ọkọ rẹ̀, ó sáré jáde síta. Ọmọ fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì.

Bàbá Lẹ́tà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yìí ju ọ̀rọ̀ ìlú lọ lára rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọbìnrin rẹ̀, káàdì Kérésì ló ń yà sọ́tọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló kọjá kó tó rójú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ò fi bú u rí. Òun ló ń fi bú ara rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ yìí, ó ti pinnu pé òun á wà lẹ́nu ọ̀nà, òun á sì gbé e kó tó gbẹ.

Akọ̀wé tó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù físà lórí kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún wọn. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n ti jáde kúrò nílùú rí, ó kọ "rárá" fún àwọn méjèèjì, òótọ́ sì ni. "Bàbá," ó ní, "tẹ́ ẹ bá dé ojú wíńdò, ohun tí wọ́n bá bi yín nìkan ni kẹ́ ẹ dáhùn. Tó bá tán, kẹ́ ẹ panu dé."

Inú bí Bàbá Lẹ́tà. Ọmọ àná, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Fìẹ́nà àti Fẹ́níìsì! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Onísíkáàfù ti lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ lórí tẹlifíṣàn, ìwé àjákọ olójú-ewé ọgọ́rin sì wà nílé tí òun kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ó kì í bọ àpò.

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì físà, Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ awò ojú ló jókòó lẹ́yìn wíńdò.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Mà?"

"Ọmọ mi fẹ́ bímọ. Màá wẹ ọmọ, màá padà wálé."

"Kí lẹ mọ̀ nípa ìlú náà?"

"Mo mọ̀ pé ọmọ mi wà níbẹ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti parí. Bàbá Lẹ́tà tó ń gbọ́ ọ láti orí àga mi orí rẹ̀. Ìdáhùn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Nígbà tó kàn án, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó lọ.

"Níbo lẹ máa dé sí, Sà?"

Ó dárúkọ àdúgbò náà. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá má wáyé. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Téèyàn bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba àárín títì," ó ní, "á rí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé lápá òsì. Kó gun àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́ta. Àmọ́ kó má mu kọfí ní ọwọ́ ọ̀tún o, ọ̀dájú làwọn yẹn. Kó sì di àpò rẹ̀ mú, àwọn jáwójáwó pọ̀ níbẹ̀."

Ọ̀dọ́bìnrin náà gbójú sókè kúrò lórí ìwé. "Ẹ ti débẹ̀ rí?"

Ọdún mẹ́rin tó ti ń sọ ọ́ fún fọkanáísà ló dáhùn lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti débẹ̀."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ò kúrò nílùú rí."

"Àní lórí tẹlifíṣàn!" Òógùn bò ó. "Bó ṣe rí nìyí, Àǹtí. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wé síkáàfù..." Bó ṣe ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dàrú sí i. Ìgbà tó rí i pé wọn ò gbà á gbọ́, ó yọ ìwé àjákọ síta, ó tì í gba abẹ́ wíńdò, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ̀rí ni lóòótọ́. Ó ya àwòrán títì, ó kọ àkókò tí ọkọ̀ ń kọjá. Lójú ewé kejìdínlógún, ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé: "Ọlọ́pàá méjì ń dúró níbí láàárọ̀. Lọ́sàn-án, wọn kì í sí níbẹ̀." Ọ̀dọ́bìnrin náà ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fún wọn ní àpòòwé méjì. Físà wà nínú ti Nọ́ọ̀sì. Nínú ti Bàbá Lẹ́tà, wọ́n kọ ọ́ pé olùbéèrè fi ìrìnàjò rẹ̀ àtẹ̀yìnwá pamọ́. Ó kà á tán, ó tún kà á, bóyá ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tí kò rékọjá ẹnubodè rí láyé rẹ̀, òun ni wọ́n fura sí pé ó ti gbé òkè òkun láìgbàwé!

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Nọ́ọ̀sì gbé báàgì sórí itan. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ìlú náà hàn."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò ọkọ̀ fi yíjú wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. "Mi ò lè lọ láìsí yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kúkú jókòó sílé."

"O máa lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Àbí ta lo fẹ́ kó wẹ ọmọ? Onísíkáàfù?" Ó dùn ún wọ egungun bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì lọ. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta kọjá tí Bàbá Lẹ́tà ò tan tẹlifíṣàn. Fọkanáísà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ní ẹ̀rín lẹ́nu tó lè fi ọdún kan rín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú bàbá náà, ó gbé e mì. Ó kàn kí i pé, "Ẹ kú ìdánìkanwà o."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ó ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé, fóònù dún.

"Ó ti bímọ o," ni ohùn Nọ́ọ̀sì. "Tìyá tọmọ, àlàáfíà."

Ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí báàfù tó dojú dé. Ọ̀rọ̀ ìlú ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìlú ńkọ́? Ṣé àtẹ̀gùn yẹn pé méjìlélọ́gọ́ta?"

"Àtẹ̀gùn wo? Ẹ̀rọ agbéniròkè ni mo bá gòkè. Mi ò tíì rí nǹkan kan níbí ju yàrá ìgbẹ̀bí àti ilé ìdáná lọ. Òtútù wà, ìyẹn ni mo mọ̀."

"Ọmọ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

Nọ́ọ̀sì tó ti gba ẹgbẹ̀rún ọmọ lọ́wọ́ ìyá wọn ronú díẹ̀. "Kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Ìka rẹ̀ pé. Ó ń ké dáadáa."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ròyìn ọmọ-ọmọ ẹni nìyẹn?"

"Ẹ wò ó, màá gbé fóònù sí i létí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín."

Ó gbọ́ ìró aṣọ tó ń fi ara kan fóònù, lẹ́yìn náà èémí kan, kékeré, tó ń yára. Bàbá Lẹ́tà tó ti ṣàlàyé gbogbo Yúróòpù fún gbogbo àdúgbò wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Omi ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "mi ò dé ìlú yín rí o. Jọ̀ọ́, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Ọmọ náà fi igbe ta. Bàbá Lẹ́tà mú fóònù mọ́ etí, kò já a lẹ́nu, ó ń gbọ́ ọ títí ó fi ké tán.